Òpó ààlà tó wà láàrin oko kòkó: ohun tó ń lọ nínú igbó ọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán ní Ìdànrè, tí jẹnẹrétọ̀ oníkálukú ti dákẹ́, ohùn kan máa ń jáde láti inú igbó tó yí àwọn òkè náà ká. Àlejò á ní ajá ta ló há sórí igi. Kì í ṣe ajá. Òfàfà ni, ẹranko onírun tó tó ehoro, tó ń fi ọ̀sán sùn, tó ń fòru wá ewé jẹ. Kò sí ọdẹ tó nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé òfàfà fún òun. Ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ ẹranko tó kéde pé tiwa yìí yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn tó wà níbòmíràn máa ń han gooro bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Tiwa ń gbó. Odò Volta ní Ghana àti odò Ọya ni ààlà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àárín odò méjèèjì yẹn sì ni gbogbo ilẹ̀ Oǹdó bọ́ sí. Wọ́n fún un lórúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀, bí ẹni ń sọmọ lórúkọ lẹ́yìn tó ti fẹ́yàwó tó ti bímọ.

Ìdànrè kan náà ni ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn lórí ilẹ̀ ayé. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé ní 40 ọdún tí kò sí onímọ̀ kan tó tún fojú kàn án, kí àwọn olùwádìí tó padà bá a lórí àpáta náà lọ́dún 2013. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yìí, nígbà tó ṣì nírù, kì í wẹ̀ nínú kòtò omi bí ti ẹ̀yìnkùlé wa. Ara òkúta tó ń ṣomi ló máa ń lẹ̀ mọ́, níbi tí omi ti ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òógùn ìpàkọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ tó ò ń ka èyí ti tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó o bá ti gun òkè náà rí lásìkò òjò, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ, tí ò ń wá ibi tí wàá dúró sí ya fọ́tò.

Mo fi àwọn méjì yìí ṣíwájú nítorí pé bí wọ́n bá dárúkọ igbó Oǹdó lórí rédíò lónìí, ọ̀rọ̀ ajínigbé ló ń tẹ̀ lé e. Bí kì í bá ṣe ajínigbé, igbó mímu ni. Bí kì í bá ṣe igbó mímu, owó igi ni. Ohun tó ń gbé inú rẹ̀ gan-an kì í sábà sí nínú ọ̀rọ̀.

Àwọn ìnàkí ṣì wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nínú igbó tó wà lápá Ìdànrè, Àkúrẹ́ sí Òfósù, àti níbi tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fẹ̀gbẹ́ kan igbó Ìsẹ̀ ní Èkìtì, ìwọ̀nba ìnàkí ló kù tí wọ́n ń sá káàkiri láàrin igbó tó ti já sí wẹ́wẹ́. Irú ìnàkí yìí, Nàìjíríà àti Cameroon nìkan ló wà, òun náà ló sì kéré jù lọ nínú irú mẹ́rin tí wọ́n pín ìnàkí sí: 6,000 sí 9,000 ni wọ́n fojú bù pé ó kù lápapọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà lápá Cameroon. Obìnrin kan, Rachel Ashegbofe Ikemeh, ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn tó kù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wa yìí láti ọdún gbọọrọ, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Whitley, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko, lọ́dún 2020. Àwọn ọ̀bọ tí ọ̀fun wọn funfun náà wà, tí kò sí níbi púpọ̀ ju gúúsù Nàìjíríà àti Benin lọ. Erin sì ń bẹ nínú igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó fara kan igbó Oluwa tiwa lápá Òrè. Erin kò mọ ibi tí Ògùn parí sí tí Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀.

Igbó ọba ni gbogbo ibi tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní rìsáàfù. Òyìnbó amúnisìn ló pààlà wọn, wọ́n lọ bá àwọn ọba àti ìjòyè pé kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n ri òpó mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Kì í ṣe nítorí ọ̀bọ ni wọ́n ṣe é o. Igi gẹdú ni wọ́n ń wò. Wọ́n fẹ́ kí ìrókò, ọ̀gànwó, arère àti ọ̀mọ̀ má tán lójijì kí ọkọ̀ ojú omi tó kó wọn lọ. Ẹranko kàn rí ààbò gbà lábẹ́ òjìji igi ni.

Nígbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 dé, gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gómìnà. Igbó ọba di ti ìjọba ìpínlẹ̀ pátápátá. Ọgbà ẹranko ti àpapọ̀, tí òyìnbó ń pè ní national park, nìkan ni Àbújá ń bójú tó. Méje ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2020, wọ́n fi mẹ́wàá kún un, wọ́n di 17. Ọ̀ṣun tó múlé tì wá rí ọ̀kan gbà, ní Òkè Ọbà. Ẹdó tó wà lódì kejì ti ní Okomu tipẹ́. Oǹdó tó wà láàrin àwọn méjèèjì kò ní ẹyọ kan. Kì í ṣe pé ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti ka nípa ọ̀pọ̀lọ́ lókè.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ̀ka igbó ní ìpínlẹ̀ gbogbo mọ̀ jù ni kó gba owó lórí igi: owó ìwé àṣẹ, owó òǹtẹ̀, owó ẹnubodè. Òṣìṣẹ́ igbó á gbé òòlù onírin lọ́wọ́, á lù ú mọ́ ìdí igi tí wọ́n gé, àmì ìjọba á hàn lójú igi náà, igi náà á sì di igi tó bófin mu. Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa pawó wọlé fún ìjọba nídìí igi gígé, tí wọ́n tún ní kó máa dáàbò bo igi, èwo ló máa kọ́kọ́ ṣe bí ìparí oṣù bá dé? Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń bèèrè ni.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì Oǹdó sí Àkúrẹ́ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ẹ ó rí i fúnra yín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igi méjì tàbí mẹ́ta ni ọkọ̀ agbégi máa ń gbé, ìdí ọ̀kan ga ju èmi lọ, wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n dè é, ilẹ̀ á máa mì bó bá ń kọjá. A máa ń sá jáde wò ó. Báyìí, igi ogún ni wọ́n ń tò sórí ọkọ̀ kan náà, òmíràn kò sì nípọn ju òpó iná lọ. Àwọn káfíńtà tí wọn kì í fojú kan àràbà tẹ́lẹ̀ ti ń fi pákó rẹ̀ kanlé. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó kéde rárá pé ìrókò ti tán. Ojú la fi rí i lẹ́yìn ọkọ̀.

Ìjọba fúnra rẹ̀ náà ti gé igbó rí, tó pè é ní ìdàgbàsókè. Ní Oluwa àti Omo, wọ́n bi igbó àdáyébá lulẹ̀ lọ́pọ̀ hẹ́kítà, wọ́n gbin gmelina, igi àjèjì tó ń yára dàgbà, kí wọ́n lè rí nǹkan fi ṣe bébà ní Ìwópin. Ilé-iṣẹ́ bébà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí wọ́n ṣe pinnu. Gmelina dàgbà, ó wà níbẹ̀ gbàgàdà. Kì í ṣe irú igbó tí ìnàkí fẹ́ràn, kì í sì í sábà ní ihò tí òfàfà máa sùn sí.

Àmọ́ kòkó ni ọ̀rọ̀ gan-an, nítorí Oǹdó ni òléwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà, Ìdànrè sì ni ojú rẹ̀. Ẹni tí ọkàn igi kòkó kò bá yé, ohun tó ń lé àgbẹ̀ wọ rìsáàfù kò lè yé e. Kòkó fẹ́ ilẹ̀ ẹgàn, ilẹ̀ dúdú tí ewé ti ń jẹrà lé lórí láti ayébáyé. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ajílẹ̀ tó o máa rà. Ọmọ kòkó tún fẹ́ òjìji, nítorí náà àgbẹ̀ kì í gé gbogbo igi lẹ́ẹ̀kan náà. Á ṣán ìsàlẹ̀, á gbin kòkó sábẹ́ àwọn igi ńlá. Nígbà tí kòkó bá ga tó, á fi àdá bó èèpo àwọn igi ńlá náà yíká nídìí, igi náà á kú lóòró. Ẹni tó bá ń wo igbó náà láti ojú ọ̀nà lè má fura fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ọdún, kòkó á darúgbó, agbára ilẹ̀ á tán, àìsàn á dé. Ó rọrùn fún ọmọ àgbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgàn tuntun ju kó tún ti bàbá rẹ̀ gbìn lọ. Ibo ni ẹgàn tó kù wà? Inú igbó ọba ni.

Ìjọba pàápàá ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ètò kan wà láti ìgbà òyìnbó tí wọ́n fi ń gba àgbẹ̀ láàyè nínú rìsáàfù: gbin iṣu, gbin àgbàdo, kí ìwọ náà bá wa tọ́jú ọmọ tíìkì tàbí gmelina láàrin rẹ̀, bí igi bá ga, kí o kó ẹrù rẹ. Iṣu rọrùn láti kó. Ta ló máa kó kòkó? Àgbẹ̀ san owó ìwé, ó gba rìsíìtì, ó tún fún ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan, bó ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ níbòmíràn. Rìsíìtì yẹn kò fún un ní ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tó ti sin bàbá rẹ̀ sí abà náà.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2024 dé, tí owó kòkó lọ́jà àgbáyé gun òkè tí kò gùn rí, tó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan. Mo mọ àwọn olùkọ́, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ti kúrò lóko tipẹ́, tí wọ́n padà lọ wá ilẹ̀. Owó náà ti já wálẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Igi tí wọ́n bó léèpo nítorí rẹ̀ kò padà sí àyè.

Ibí ni òfin àwọn ará Yúróòpù ti wọlé. Lọ́dún 2023, EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣòfin pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, ẹ̀wà sóyà, màlúù àti igi kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà àwọn mọ́ bó bá ti ara ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ fi hàn lórí màápù, oko dé oko, ibi tí wọ́n ti kórè rẹ̀. Oko tó bá lé ní hẹ́kítà mẹ́rin, wọ́n ní láti rìn yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po, kí fóònù máa kọ gbogbo kọ́nà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ òfin náà síwájú. Báyìí, ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn kéékèèké ní títí di ìparí oṣù Kẹfà 2027.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ẹni tó bá ti gbin kòkó rẹ̀ ṣáájú 2021 ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì wà nínú òfin náà tí wọn kì í pariwo rẹ̀ nípàdé àwọn àgbẹ̀: ohun ọ̀gbìn náà gbọ́dọ̀ bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu. Kòkó tí bàbá kan gbìn sínú rìsáàfù lọ́dún 1995 kò pa igbó kankan lẹ́yìn 2020. Ó yege nínú ìdánwò kìíní. Ṣùgbọ́n òfin tiwa níbí sọ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó kùnà nínú ìkejì. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí kò fẹ́ ìjàngbọ̀n á kàn gba ibòmíràn lọ ra kòkó, tàbí kí kòkó rìsáàfù yí orúkọ padà nínú àpò, kó di kòkó abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń da kòkó pọ̀ nílé ìkẹ́rù kò ní béèrè bó ṣe lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wá dojú igbó rú. Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni Gómìnà Rotimi Akeredolu, kó tó di olóògbé, fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje kí wọ́n kúrò nínú gbogbo igbó ọba Oǹdó. Ariwo rẹ̀ dé Àbújá. Kí ọdún kejì tó parí, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, àwọn agbébọn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa àwọn olùjọsìn. Láti ìgbà náà, ìbẹ̀rù ló ń darí ohun tí a ń ṣe sí igbó. Lóṣù Karùn-ún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò gba ẹ̀ṣọ́ igbó káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ajínigbé ni wọ́n rán wọn sí. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa wo ipasẹ̀ bàtà kò ní bẹ̀rẹ̀ wo okùn takúté lábẹ́ ewé, kò sì ní dá agbégi dúró tó bá ti kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àwọn tó sá fún igbó nítorí ìbẹ̀rù ni àwọn olùwádìí láti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àti àwọn ọdẹ àgbà tó mọ ibi tí ẹranko ń mumi. Agbégi òru kò sá. Ẹ tiẹ̀ wò ó: Àmọ̀tẹ́kùn la sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ wa. Ta ló rí àmọ̀tẹ́kùn gidi nígbó Oǹdó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?

Lọ́nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́. Òyà mẹ́rin ló so rọ̀ sórí igi, ó ti yán wọn, ikùn wọn là sílẹ̀. Mo kí i, ó ní, "Ẹ wá bá mi rà, ọkọ mi, òní ló jáde." Mo ní, "Ìyá, ṣé òyà nìkan lẹ ní?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo ọkọ̀ mi. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpò kan sábẹ́ àga. Ìpẹ́ akika yọ lẹ́nu àpò náà, ó ń dán bí èékánná.

Òyà kò da èmi láàmú. Inú ilẹ̀ àjákù àti oko ìrẹsì ló ń gbé, ó sì ń bí bí eku. Akika kì í sábà bí ju ẹyọ ọmọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà sì ń lẹ̀ mọ́ bí ọmọ èèyàn. Bí ajá ọdẹ bá bá a, kì í sá, ká ló máa ń ká, á di bọ́ọ̀lù, wọ́n á kàn gbé e sínú àpò ni. Kò tún dúró sí ìkòkò ọbẹ̀ mọ́: lọ́dún 2021, àwọn aṣọ́bodè gba ìpẹ́ akika tó lé ní tọ́ọ̀nù 17 lọ́wọ́ àwọn kan l'Ékòó, tí wọ́n fẹ́ kó lọ sókè òkun. Òfin wà lórí rẹ̀ láti 1985, ìjìyà inú rẹ̀ ló ti di ohun ẹ̀rín. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní Àbújá ti fọwọ́ sí òfin tuntun lọ́dún 2025 tó le jùyẹn lọ. Mi ò rò pé ìyá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ mú. Ẹni tó ń ra ìpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kílò kílò, tó ń wá lóṣooṣù, òun ni.

Oṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra kòkó mú mi dé abà kan tó wọnú lọ́nà Òfósù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbà láti máa ya màápù oko ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, fóònù lọ́wọ́, páwà báńkì lápò. Bàbá tó ni oko náà jókòó lórí nǹkan kan, ó ń pọ́n àdá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Ó ní, "Òo, ọmọ mi. Ṣé ìjọba ló rán ìwọ náà ni?" Nígbà tó dìde ni mo rí ohun tó jókòó lé. Òpó sìmẹ́ǹtì ni, ó ti rì dé ààbọ̀, nọ́ńbà kan ṣì wà lára rẹ̀ tí ewédò ti bò. Apá kan rẹ̀ ti jẹ wọlé, ó ń dán, níbi tí wọ́n ti ń pọ́n àdá láti ọdún tí ẹnì kan kò kà.

Ọmọ náà rìn yí oko po, ó ń sọ̀rọ̀ sí fóònù rẹ̀ bó ṣe ń dé kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan òpó náà, ó dúró. Kòkó wà níwájú rẹ̀, kòkó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan náà ni ewé wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni kí n gbà?"

Bàbá tu èèkù igi orín sílẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ mi tó ń ra kòkó, ọ̀rẹ́ mi ń wo ilẹ̀.

"Gba ibi tí kòkó wà," bàbá dáhùn.

Ọmọ náà tún wo fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ń lọ.